Ojú Ewé Tí Wọ́n Tì Mọ́ Oníbọ́ílà

Ọkùnrin kan wà, Bàbá, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tẹ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà. Òun fúnra ẹ̀ kì í ṣe wẹ́dà. Kò lè jó irin méjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ní, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń gbé bébà mì. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣèpàdé, òun ló ń tẹ ìwé ìpè. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fúrídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ tó ti parí, òun ló ń tẹ sàtífíkéètì. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí mi ò mọ ìgbà tí ẹ máa ní kí n dákẹ́.

Ìlú ìrẹsì ni ìlú wọn. Àwọn obìnrin ló ń bọ ìrẹsì níbẹ̀, kí wọ́n tó sá a sóòrùn, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ tó ń bó o. Tẹ́lẹ̀, àgbá ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́. Ó máa ń pẹ́, ó máa ń jẹ igi. Nígbà tó yá, àwọn wẹ́dà ìlú yẹn jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì ṣe bọ́ílà kan jáde. Irin ńlá ni. Ó ní ìdérí tí wọ́n fi bóòtù dè yíká, iná igi wà lábẹ́ ẹ̀. Omi á máa hó nínú ẹ̀, ooru omi yẹn á gba inú páìpù lọ bọ ìrẹsì. Lórí ẹ̀, wọ́n ṣe fáàfù sí i, ìyẹn ẹnu kékeré tí bọ́ílà fi ń mí. Tí ooru bá pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹnu yẹn á ṣí fúnra ẹ̀, á máa súfèé, ooru á jáde. Tí ẹnu yẹn bá di, ooru ò ní ibi tó máa gbà mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Àwọn obìnrin yẹn fẹ́ràn bọ́ílà náà. Wọ́n ń pè é ní Ọkọ Tuntun. Wọ́n ní tí àwọn ò bá kọ́kọ́ kẹ́ ẹ láàárọ̀, kò ní ṣe nǹkan kan fún àwọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ rà á ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó ń tẹ̀wé yìí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Tinúadé lorúkọ ẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òun ló ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó mọ Yorùbá kà ju àbúrò ẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ló ń dúró ti iná yẹn. Àbúrò ẹ̀ máa ń kọjá níbẹ̀, á rí i nínú èéfín, pẹ̀lú ìró aṣọ tó gbé sókè dé orúnkún, á kí i, á sì máa lọ.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé bọ́ílà kan bú gbàmù ní ìlú tó tẹ̀ lé tiwọn. Kò pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó gbé páànù orí abà kan, páànù yẹn sì lọ balẹ̀ sínú oko ẹlòmíì. Àwọn tó ni bọ́ílà ní fáàfù ló di, àwọn ò sì mọ ohun tó yẹ káwọn ṣe. Ẹ̀rù ba àwọn obìnrin ìlú ìrẹsì. Ẹ̀rù ba àwọn wẹ́dà náà, torí àwọn ló ṣe é.

Wọ́n pèpàdé. Wọ́n ní káwọn ṣe ìwé kan jáde. Bí wọ́n ṣe ń lo bọ́ílà, bí wọ́n ṣe ń fọ inú ẹ̀, àwòrán gbogbo ara ẹ̀, ohun tí ènìyàn máa ṣe tí nǹkan bá yí padà, kó wà níbẹ̀. Kó jẹ́ Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ra bọ́ílà lè rí i lórí fóònù. Kó sì pẹ́ nílẹ̀, torí irin yẹn máa ń pẹ́. Ẹni tó rà á lè kú, ẹni tó ṣe é lè kó lọ sí Èkó, ọmọ tó bá jogún ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ìwé yẹn kà.

Wọ́n wá kọjú sí ọkùnrin yìí. Wọ́n ní òun ni akọ̀wé, òun ló mọ fáìlì, kó lọ wá irú fáìlì tí kò ní bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni ìdààmú ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti rò pé fáìlì ni fáìlì.

Tinúadé gbọ́ pé ìwé ń bọ̀. Ó pe àbúrò ẹ̀, ó ní òun ni kó kọ́kọ́ fún. Ó ní, "Èmi ni mò ń dúró ti iná. Àwọn tó ń ṣèpàdé, orí àga ni wọ́n wà." Àbúrò ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ṣèlérí fún un. Ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ yẹn ni pé tí Ọkọ Tuntun bá ṣe ohun tí kò ṣe rí, kí obìnrin yìí mọ ohun tó máa ṣe, kó má kú, kó má jóná. Ìyẹn náà ni. Kò sí nǹkan míì nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá, bí mo ṣe ń tàpá kiri nínú ẹ̀ yìí.

Ó kọ́kọ́ gbé ìwé náà jáde bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an. Lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó dáa. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó bá òun wò ó. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pè é padà, ó ní àwòrán iná ti kúrò lábẹ́ bọ́ílà, ó ti lọ dúró sábẹ́ orúkọ alága ẹgbẹ́, àwọn tí ò bá mọ̀ á rò pé abẹ́ alága ni wọ́n ní káwọn dáná sí.

Ó ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò. Ó wúwo. Tó bá gba orí Wátsáàpù kọjá, lẹ́tà ẹ̀ á dà bí ìgbà tí omi dà sórí ìwé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní kó sọ ọ́ di pídíẹ́fù. Ó sọ ọ́ di pídíẹ́fù. Lórí fóònù kan ó dáa, lórí òmíì gbogbo lẹ́tà tó lámì di àpótí kéékèèké. Ẹlòmíì ní pídíẹ́fù kì í ṣe ẹyọ kan, oríṣiríṣi ni. Ẹlòmíì ní kó pa ti fáìlì tì, kó gbé gbogbo ẹ̀ sórí ayélujára. Ẹlòmíì tún ní tí ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ bá gbàgbé ẹ̀, ibẹ̀ á parẹ́, ìwé á sì bá a lọ. Orí ẹ̀ dàrú. Ó máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á ṣí i, á pa á, á tún ṣí i.

Ó wá lọ bá obìnrin kan ní ilé ìkàwé iléèwé gíga kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Obìnrin yẹn bi í pé ta ló máa ka ìwé ẹ̀, ìgbà wo ló sì máa kà á. Ó ní gbogbo ènìyàn ni, ìgbàkigbà ni. Obìnrin yẹn ní bí gbogbo ẹni tó ń wá ṣe máa ń wí náà nìyẹn, ó sì fà á lẹ́tì díẹ̀ pé kó lọ ronú sí i. Àmọ́ ó ṣàlàyé fún un.

Ó ní irú pídíẹ́fù kan wà tó jẹ́ pé torí ìpamọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó ní kó wo ẹni tó ń lọ sí oko tó jìn, tó máa sùn síbẹ̀. Á di iyọ̀ mọ́ ẹrù ẹ̀, á di ìṣáná, á di àdá, torí kò sí ẹni tó máa yá a ní nǹkan kan lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì yìí. Lẹ́tà tó máa lò, inú ara ẹ̀ ló ń gbé e sí. Àwòrán ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀, inú ara ẹ̀ ni. Kì í ní kí ènìyàn lọ wo nǹkan níbòmíì. Kì í gbé fídíò. Kì í sì í gba kọ́kọ́rọ́, torí ẹni tó máa ṣí i lọ́jọ́ iwájú lè má mọ ẹni tó tì í.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọkùnrin yìí ò gbọ́ ọ dáadáa. Inú ẹ̀ ti dùn. Ó ti rò pé wàhálà òun tán.

Ó padà sípàdé, ó sọ fún wọn pé òun ti rí fáìlì tí kò ní bàjẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà ò pàtẹ́wọ́. Òun ló dàgbà jù láàárín àwọn wẹ́dà yẹn, òun ló ṣe fáàfù bọ́ílà yẹn fúnra ẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè kórìíra ẹ̀.

Ó ní, "Ojú ewé fáàfù ńkọ́?"

Akọ̀wé ní ó wà lẹ́yìn.

"Ta ló máa rí i?"

"Gbogbo ènìyàn, sà."

Ọ̀gá Àgbà wò ó. Ó ní, "Ìwọ tó jẹ́ pé tí iná wẹ́dà bá ta lókèèrè o máa sá kọjá odò, ìwọ lo fẹ́ ṣe fúrídọ̀mù fún gbogbo ayé."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, torí kò mọ ohun míì tó máa ṣe.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ láàárín wọn. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́ṣẹ́ títí, á mọ gbogbo ẹ̀, àfi nǹkan kan. Lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, kí wọ́n tó gbàdúrà fún un, ọ̀gá ẹ̀ á mú un wọ inú ṣọ́ọ̀bù, á ti ilẹ̀kùn, á wá kọ́ ọ ní nǹkan kan tó ṣẹ́ kù yẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe bọ́ílà, fáàfù ni. Tí ọmọ iṣẹ́ bá ti rí fáàfù lórí fóònù, kí ló tún máa dúró dè? Á sá lọ láìparí, á lọ máa ṣe èyí tí kò dáa, èyí tí kò dáa yẹn ló sì máa bú. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà mọ́gbọ́n dání. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò títí, mi ò rí ibi tó ti purọ́.

Àmọ́ ohun tó wà lójú ewé yẹn kì í ṣe oríṣi kan. Àwòrán inú fáàfù wà níbẹ̀, ìwọ̀n sípíríǹgì ẹ̀ wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n kọ ohun tí ènìyàn máa ṣe tí fáàfù bá di. Kò sí ẹni tó pín in sí méjì. Gbogbo wọn ń pè é ní ojú ewé fáàfù, ó tán.

Ìpàdé ní kí wọ́n tì í. Kí ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ṣí i, kó jẹ́ pé ọjọ́ fúrídọ̀mù ni wọ́n á sọ ọ́ sí ènìyàn létí. Kí fáìlì náà sì jẹ́ ti ìpamọ́. Kó pẹ́, kó sì wà ní títì.

Akọ̀wé lọ sílé lọ tì í. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó kọ ọ́ sójú ẹ̀ pé tó bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kò ní jẹ́ ti ìpamọ́ mọ́. Ó rò pé òun ṣi nǹkan tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tún kọ̀. Ó pa á, ó tàn án, ó gbàdúrà díẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó pe obìnrin ilé ìkàwé. Obìnrin yẹn ní kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́, bó ṣe yẹ kó ṣe ló ń ṣe yẹn, kó mú ọ̀kan. Ó bi í pé èwo ni kóun mú. Obìnrin yẹn ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó kà á."

Kò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó mọ ẹni tí wọn ò fẹ́ kó kà á. Ó mọ ìyẹn dáadáa, wọ́n ti sọ ọ́ fún un nípàdé. Ẹni tó máa kà á, kò sí ẹni tó dárúkọ ẹ̀.

Ó wá ṣe nǹkan kan tó dà bí ọgbọ́n. Ó gé ìwé náà sí méjì. Apá kìíní, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń lo bọ́ílà àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, ó ṣe é ní fáìlì ìpamọ́, ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Apá kejì, ojú ewé fáàfù, ó ṣe é ní irú kejì, èyí tó ń gba kọ́kọ́rọ́, ó tì í. Níparí apá kìíní, ó kọ ọ́ pé tó bá kan ti fáàfù, kí ènìyàn pe wẹ́dà ẹgbẹ́ tó bá sún mọ́ ọn. Inú gbogbo wọn dùn. Obìnrin ilé ìkàwé gba apá kìíní, ó tọ́jú ẹ̀. Ọ̀gá Àgbà bọ akọ̀wé lọ́wọ́. Wọ́n gbé irin kan wá, wọ́n ní kó fẹnu kàn án, kó búra pé òun ò ní sọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣí apá kejì fún ẹni tí kò tíì ṣe fúrídọ̀mù. Ó fẹnu kàn án.

Ó fi apá kìíní ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bó ṣe ṣèlérí. Tinúadé kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pè é.

Ó ní, "Àbúrò mi, ìwé ẹ dé ibi tó dùn, ó ní kí n lọ pe wẹ́dà. Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ni.

"Ṣé ìwọ ti kà á?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ wá jẹ́ oníṣẹ́ lọ́jọ́ wo?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti mú mi búra."

Tinúadé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, pé tí Ọkọ Tuntun bá bínú, òun á bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù, wẹ́dà ń bọ̀ lọ́nà.

Bàbá, mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe. Ó ti búra, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì ni. Mo máa ń rò ó pé ká ní èmi ni. Mi ò rí i rò tán.

Ó di àsìkò ìkórè. Ìrẹsì pọ̀, wọ́n ń dá iná gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn ní òun ò gbọ́ ìfé fáàfù mọ́. Wọ́n tẹ́tí. Lóòótọ́, kò súfèé mọ́. Bọ́ílà ń gbọ̀n díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí òtútù ń mú. Tinúadé ò fi ṣeré. Ìwé ní kó pe wẹ́dà, ó pe wẹ́dà.

Wẹ́dà yẹn ò jìnnà, òdìkejì ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Ó ti ṣe fúrídọ̀mù. Ó sáré wá, kò tiẹ̀ ráyè yọ awò dúdú kúrò níwájú orí. Ènìyàn dáadáa ni. Ó wo bọ́ílà, ó mọ̀ pé fáàfù ti di, àmọ́ oríṣi méjì ni bọ́ílà tí wọ́n ń ṣe, kò sì fẹ́ fi ti ọ̀kan ṣe èkejì. Ó ní kóun wo ìwé kóun má baà ṣìṣe. Ohun tó yẹ kó ṣe náà nìyẹn, àbí? Ó yọ fóònù.

Ó gbójú sókè, ó rí àwọn obìnrin yẹn. Wọ́n ti rọ̀gbà yí i ká, gbogbo wọn ń wo fóònù ọwọ́ ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe fúrídọ̀mù. Ó rántí irin tí òun náà fẹnu kàn, tó fi búra, kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣí ìwé fún un.

Ó ní kí wọ́n dúró, òun ń bọ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí, ó kọ̀yìn sí ògiri, ó tẹ ọ̀rọ̀ yẹn.

Fáìlì ṣí. Ẹ gbọ́ mi, Bàbá, ó ṣí. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ń ṣí i. Fóònù ẹ̀ ò kú. Ojú ewé yẹn ò bàjẹ́, lẹ́tà ẹ̀ kankan ò di àpótí. Gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣiṣẹ́ nípàdé.

Níwájú ilé, àwọn obìnrin yẹn ò mọ ohun tó lọ ṣe. Ọ̀kan ní ó ti sá lọ. Ọ̀kan ní bóyá ó lọ tọ̀. Bọ́ílà ń gbọ̀n sí i. Tinúadé sì rò ó bí gbogbo ẹni tó ti ń dáná láti kékeré ṣe máa rò ó, pé ìkòkò tó bá ń hó jù, ènìyàn á ṣí ọmọrí ẹ̀ díẹ̀ kó lè mí. Sípánà kan wà nílẹ̀. Ó mú un, ó fi sí bóòtù ìdérí, ó ní káwọn yòókù sún sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn o. Òun nìkan ló dúró.

Wẹ́dà já láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ìdérí. Ohùn ẹ̀ àti ooru yẹn jáde pọ̀.

Tinúadé ò kú. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bó, ojú ẹ̀ bó. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Dókítà ní ojú kan ti lọ, èkejì á máa rí ìmọ́lẹ̀, á máa mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́, àmọ́ kò ní rí lẹ́tà mọ́.

Àbúrò ẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn aláìsàn míì wà nínú yàrá yẹn, àwọn tó wá tọ́jú wọn náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi í bóyá ìwé yẹn wà lórí fóònù ẹ̀, apá kejì. Ó ní ó wà níbẹ̀.

"Kà á fún mi."

Ó wo àwọn ènìyàn tó wà nínú yàrá. Ó wá kà á sókè. "Bí fáàfù bá di, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí. Ẹ fa igi jáde lábẹ́ ẹ̀. Kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i títí irin á fi tutù."

Tinúadé ń dúró kó máa kà á lọ. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó ní, "Ìyókù ńkọ́?"

"Ó tán."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Tinúadé ní, "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa igi."

Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá Àgbà náà wá. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò lè wò ó dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ìwọ la tì í mọ́."

Tinúadé ní, "Ta lẹ tì í mọ́, sà?"

"Àwọn tó ń jí iṣẹ́ ni."

"Ṣé wọ́n wá?"

Ọ̀gá Àgbà jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọkùnrin tó ń tẹ̀wé yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri, ó ń bi gbogbo ènìyàn pé níbo ni nǹkan ti bàjẹ́. Wẹ́dà ní òun dé lásìkò, òun sì ṣí ìwé. Ẹgbẹ́ ní àwọn ní kí wọ́n pe wẹ́dà, wọ́n sì pè é. Obìnrin ilé ìkàwé ní fáìlì ìpamọ́ wà níbi tóun fi í sí, ó mọ́ kedere, ọmọ ọmọ wọn á rí i kà. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ó ń ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà, á wò ó, á pa á. Mi ò mọ ohun tó padà ṣe sí i. Àwọn kan ní ó yọ kọ́kọ́rọ́, ẹgbẹ́ sì lé e. Àwọn kan ní títì ló ṣì wà títí dòní. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò lè fi purọ́ fún yín.

Bàbá, ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí. Ẹ̀yin ni alága ẹ̀rọ omi àdúgbò wa. Ẹ ní kí n yan irú fáìlì tá a máa fi gbé ìwé ẹ̀rọ náà jáde, kó tó dọ̀la. Ẹ ní kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹ tún ní kí n ti ojú ewé kẹ́míkà tá à ń dà sómi, kí àdúgbò kejì má baà mọ bá a ṣe ń pò ó. Mi ò kàwé tó yín. Ẹ̀yin lẹ fún mi níṣẹ́, ẹ sì lè gbà á padà.

Fáìlì ìpamọ́ ò ní gba kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mo ti dán an wò. Tẹ́ ẹ bá sì ní kí n gé e sí méjì, mo lè gé e, kò ṣòro, gbogbo ìgbìmọ̀ á pàtẹ́wọ́ fún mi. Àmọ́ nísàlẹ̀ ojú ewé kẹ́míkà yẹn, wọ́n kọ ohun tí ènìyàn máa ṣe síbẹ̀, tí kẹ́míkà bá ta síni lójú, tàbí tí òórùn ẹ̀ bá gba èémí mọ́ni lẹ́nu. Gbogbo wa ń pè é ní ojú ewé kẹ́míkà.

A ti sọ̀rọ̀ nípa àdúgbò kejì nípàdé, a sọ ọ́ títí ohùn fi há. A ò tíì dárúkọ ẹni tó máa wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n dárúkọ ẹ̀. Ìyàwó àbíkẹ́yìn yín ló ń ṣí ẹ̀rọ yẹn láàárọ̀. Òun ló ń gbé kẹ́míkà yẹn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ẹ̀. Ó mọ̀wé kà.

Ẹ pè é wá, Bàbá. Ẹ sọ fún un lójú mi pé kò gbọ́dọ̀ ka ojú ewé yẹn. Tẹ́ ẹ bá lè wò ó lójú kẹ́ ẹ sọ ọ́, màá tì í.